Àdán Inú Kẹ́místírì: Ìdí Tí Kọ́sítíìkì Fi Ń Jẹ Ìkòkò Alumíníọ̀mù

Àwọn àgbà máa ń sọ pé àdán kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Àdán wà nínú ẹ̀kọ́ kẹ́místírì náà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀: ó ṣe eku, ó tún ṣe ẹyẹ. Òun ni àwọn olùkọ́ wa ń pè ní amphoteric oxide.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí irú èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Ogbunike, nítòsí Onitsha. Bí mo bá jáde síta, Ìgbò ni mò ń sọ. Bí mo bá wọlé tọ ìyá mi, Yorùbá ni. Ẹni tí mo bá pàdé ló ń pinnu èdè tí ó máa jáde lẹ́nu mi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ́ksáìdì alumíníọ̀mù, ti síǹkì àti ti òjé rí. Bí ti alumíníọ̀mù bá pàdé ásíìdì, á ṣe bíi béèsì:

Al₂O₃ + 6HCl → 2AlCl₃ + 3H₂O

Ṣùgbọ́n bí ó bá pàdé béèsì líle bíi kọ́sítíìkì sódà, á yí padà, á ṣe bí ásíìdì:

Al₂O₃ + 2NaOH + 3H₂O → 2NaAl(OH)₄

Áyọ́ọ̀nù alumíníọ̀mù kéré, agbára iná ara rẹ̀ sì pọ̀, nítorí náà ó lè fa OH⁻ mẹ́rin mọ́ra. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á rọ̀gbà yí i ká, wọ́n á sì gbé e wọ inú omi. Ti síǹkì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀:

ZnO + 2NaOH + H₂O → Na₂Zn(OH)₄

Ẹ rántí ìdánwò WAEC. Bí ẹ bá ń kán kọ́sítíìkì sínú omi tí wọ́n fún yín, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun yọ, tó sì tún yọ́ nígbà tí kọ́sítíìkì pọ̀ sí i, síǹkì, alumíníọ̀mù tàbí òjé ló wà níbẹ̀. Bí ẹ bá wá fi ammonia dán an wò, ti síǹkì nìkan ni yóò yọ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ju ti ìdánwò lọ. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa, àti àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà, ló ń se ọṣẹ tà. Ẹ wo ìkòkò alumíníọ̀mù. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, ọ́ksáìdì tín-ín-rín á bò ó bí ẹ̀wù. Ẹ̀wù yìí ni kì í jẹ́ kí omi jẹ ẹ́. Bí a bá da kọ́sítíìkì sínú rẹ̀, ẹ̀wù ni yóò kọ́kọ́ yọ́. Kọ́sítíìkì àti omi á wá dojú kọ ara ìkòkò gan-an:

2Al + 2NaOH + 6H₂O → 2NaAl(OH)₄ + 3H₂

Ooru ńlá á bá a jáde, ìkòkò á máa hó láìsí iná lábẹ́ rẹ̀. Háídírójìn sì ni H₂ yẹn, gáàsì tí iná kékeré lè mú kó bú gbàmù. Gíráàmù alumíníọ̀mù 27 péré lè mú nǹkan bíi lítà 33 jáde. Ẹni tó bá ń ṣe èyí nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì, tí sítóòfù ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu. Bí gáàsì kò bá tilẹ̀ gbiná, kọ́sítíìkì gbígbóná tó ta síni lójú lè fọ́ ojú náà.

Ọ́ksáìdì irin dúdú kì í yọ́ nínú kọ́sítíìkì bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá wa tó ń fi ìkòkò irin tàbí ìkòkò amọ̀ se ọṣẹ dúdú mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ìyàtọ̀ yìí kan náà ló ń bọ́ ilé iṣẹ́ alumíníọ̀mù káàkiri ayé. Láàárín 1887 sí 1888 ni Carl Josef Bayer, ọmọ Austria, rí ọ̀nà tí a fi ń fọ òkúta bauxite. A óò sè é nínú kọ́sítíìkì gbígbóná. Ọ́ksáìdì alumíníọ̀mù á yọ́, ti irin dúdú á ṣẹ́ kù sílẹ̀ bí ẹrẹ̀ pupa. Ní Fria, lórílẹ̀-èdè Guinea, irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960. Nílé wa níbí, irú ọ́ksáìdì tí a ti fọ̀ tán bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ Ikot Abasi, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997, láti máa fi iná mànàmáná sọ di alumíníọ̀mù.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ bá wa sọ fún àwọn tó ń se ọṣẹ: kí wọ́n má fi kọ́sítíìkì sínú ìkòkò alumíníọ̀mù tàbí garawa páànù, ike tó nípọn ni kí wọ́n lò. Kọ́sítíìkì ni kí wọ́n máa dà sínú omi tútù díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n má da omi lé kọ́sítíìkì. Ìta gbangba ni kí wọ́n ti ṣe é, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n sì bo ojú. Bí ó bá ta sí ènìyàn lára tàbí lójú, kí wọ́n fi omi púpọ̀ ṣàn án fún ó kéré tán ogún ìṣẹ́jú, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ̀kọ́ tí kò bá dáàbò bo ará ilé ẹni, ìwé lásán ni.