Ọ̀fọ̀ Ṣẹ̀, Ìdánwò Sì Ń Bọ̀: Kí Lẹ Lè Ṣe?

Bí ẹ bá jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn tó ń ti Mọ́níyà lọ sí kíláàsì, tí òbí yín sì kú nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé bí ọ̀fọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ lára èèyàn, àti ohun tẹ́ ẹ lè ṣe sí i.

Ìfọkànsí wà lára ohun tí ọ̀fọ̀ máa ń mú lọ. Ẹ lè ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ má rántí nǹkan kan. Ọpọlọ yín kò bàjẹ́. Ìwọ̀nba ni ohun tí ọkàn lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà, olóògbé sì ti gba púpọ̀ nínú àyè náà. Àìsùn tún ń dá kún un, nítorí ìgbà tá a bá sùn ni ọpọlọ máa ń to ohun tá a kà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi TDB, ìyẹn kíkàwé mọ́jú, sílẹ̀ ná.

Àwọn kan á sọ pé ọ̀fọ̀ ní ipele márùn-ún. Inú ìwé tí Elisabeth Kübler-Ross kọ ní 1969 lèyí ti wá, ṣùgbọ́n àwọn aláìsàn tó ń sún mọ́ ikú ló bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ní 1999, Margaret Stroebe àti Henk Schut ní Netherlands gbé àlàyé mìíràn kalẹ̀, wọ́n pè é ní dual process model. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ìlànà ọ̀nà méjì.

Ìlànà ọ̀nà méjì sọ pé ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ máa ń sunkún, á wo fọ́tò olóògbé. Nígbà tó bá yá, á tún kọjú sí owó ilé ìwé, oúnjẹ àti ìdánwò. Ó dà bí ọkọ̀ ojú irin tó ń ti ibùdó Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Mọ́níyà lọ sí Èkó, tó sì ń padà. Àlọ kò ba àbọ̀ jẹ́. Nítorí náà, ẹ má rò pé bẹ́ ẹ bá ń kàwé, ẹ ti gbàgbé òkú.

Ó wá kan ìṣe. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún level adviser, agbaninímọ̀ràn ipele yín. Ẹ gba ọwọ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ọ̀gá ẹ̀ka ẹ̀kọ́, kẹ́ ẹ so ẹ̀rí ikú mọ́ ọn. Bẹ́ ẹ bá rí i pé ẹ kò ní lè ṣe ìdánwò náà, ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ìsúnsíwájú kí ọjọ́ tó pé. Ẹ má kàn jókòó sílé.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú táìmùtébù ìdánwò lọ sí ìpàdé ẹbí. Kíákíá ni wọ́n máa ń sin Mùsùlùmí, àdúà ọjọ́ kẹjọ lẹ ó wá àyè fún. Àwọn Kristẹni sábà máa ń gbé òkú sí mọ́ṣúárì kí wọ́n tó mú ọjọ́, nítorí náà àyè wà láti bẹ̀ wọ́n pé kí ìsìnkú má bọ́ sí ọjọ́ ìdánwò. Ẹ bẹ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí yín kan kó máa bá yín gba ìpè aṣọ ẹbí àti alásè.

Bí àwọn tó wá kí yín bá kún ilé, ẹ gba Òjóó lọ sí Kenneth Dike Library, ilé ìkàwé Yunifásítì. Ẹ kàwé fún ìṣẹ́jú 25, ẹ sinmi fún 5. Ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí agbára díẹ̀ tẹ́ ẹ ní lè lọ síbi tó yẹ. Lálẹ́, ẹ ya àkókò sọ́tọ̀ fún ẹkún, àdúà àti ọ̀rọ̀ olóògbé.

Bí omijé bá dé nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, ẹ gbé bírò sílẹ̀. Ẹ mí sínú, ẹ rọra mí síta, bíi ẹ̀ẹ̀marùn-ún. Ìbéèrè tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dáhùn.

Ọ̀fọ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó gbọ́dọ̀ le gan-an, kó sì ju oṣù mẹ́fà lọ, kí dókítà tó lè pè é ní àìsàn. Ṣùgbọ́n bí oúnjẹ kò bá wọlé mọ́, tàbí tó ń ṣe yín bíi kẹ́ ẹ kú, ẹ má dúró de oṣù mẹ́fà, ẹ má sì dúró de ìparí ìdánwò. Ẹ sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ náà gan-an, kó sìn yín lọ sí Jaja, ilé ìwòsàn inú Yunifásítì, tàbí sí ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ ní ilé ìwòsàn UCH. Kọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ bá pàdánù, ẹ ó tún un ṣe.