Gíga Yàtọ̀ sí Líle: Yíyan Sípíríǹgì fún Ṣọ́ọ̀kì Onínọ́ọ̀tì àti Bí A Ṣe Lè Fi Èdè Yorùbá Kọ́ Ọ

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí a ṣe ń yan sípíríǹgì tí a ó fi pààrọ̀ èyí tó wà lára ṣọ́ọ̀kì onínọ́ọ̀tì, ìyẹn irú ṣọ́ọ̀kì tí sípíríǹgì yí ká, tí a sì lè fi nọ́ọ̀tì ńlá kan gbé ọkọ̀ sókè tàbí kí a fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Kókó tí a fẹ́ fi hàn ni pé gíga ọkọ̀ àti líle sípíríǹgì kì í ṣe ohun kan náà. Àìmọ ìyàtọ̀ yìí wà lára ohun tó ń mú kí àwọn oníṣẹ́ máa gé sípíríǹgì. A fi ìdánwò kan tí a lè fi omi inú ọ̀rá ṣe ní kíláàsì gbe àlàyé náà lẹ́sẹ̀, a sì dábàá bí àwa olùkọ́ àwọn olùkọ́ ṣe lè mú un lò.

Ìfáárà

Abaji wà lójú títì ńlá tó ti Àbújá lọ sí Lọ́kọ́ja. Ẹni tó bá ń ti Zuba bọ̀ yóò kọjá ní Gwagwalada àti Kwali kí ó tó dé ibẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá kì í dáwọ́ dúró lójú ọ̀nà yìí tọ̀sán-tòru, ọ̀rọ̀ kòtò ibẹ̀ kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìròyìn. Ọ̀nà yìí náà ni àwa olùkọ́ ń gbà nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa bá wà ní ilé-ẹ̀kọ́ káàkiri tí wọ́n ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò.

Ọ̀kan nínú wa ra Golf tòkunbọ̀ kan. Ẹni tó ni ọkọ̀ náà lókè òkun ti yọ ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì tí ilé-iṣẹ́ fi ṣe é kúrò, ó ti fi ṣọ́ọ̀kì onínọ́ọ̀tì sí i kí ọkọ̀ náà lè lọlẹ̀ bíi ti àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìje. Nígbà tó dé Abaji, ikùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀. Mẹkáníìkì kọ́kọ́ yí nọ́ọ̀tì náà sókè, ó ní sípíríǹgì yóò le sí i, yóò sì gba ẹrù. Ọkọ̀ ga lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ènìyàn mẹ́rin wọ inú rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù ìwé, bó ṣe máa ń rì tẹ́lẹ̀ náà ló tún rì. Mẹkáníìkì wá ra sípíríǹgì àlòkù tó jẹ́ ti ọkọ̀ mìíràn, ó fi gáàsì gé ìyípo kan ààbọ̀ kúrò lára rẹ̀, ó sì fi ipá tì í bọ ibẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, láàárín Kwali sí Abaji, táyà iwájú kó sí kòtò, sípíríǹgì yẹ̀ kúrò ní ìjókòó rẹ̀, ojú ibi tí wọ́n ti gé e sì ya táyà. Àwa mẹ́ta la wà nínú ọkọ̀ náà. Ọlọ́run ló yọ wá, nítorí pé kò sí tírélà lẹ́yìn wa ní ìṣẹ́jú náà.

A kò sọ èyí láti dá mẹkáníìkì náà lẹ́bi. Ohun tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ ló ṣe. Àwọn àgbà ní àìmọ̀kan, àìmọ̀kàn ló ń mú èkúté-ilé pe ológbò níjà. Ìbéèrè tó kàn wá ni pé, ta ló yẹ kí ó ti ṣàlàyé sípíríǹgì fún ọ̀gá náà, èdè wo ni ì bá sì fi ṣàlàyé rẹ̀?

Iṣẹ́ sípíríǹgì, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì

Sípíríǹgì ló ń gbé ọkọ̀. Iṣẹ́ ti ṣọ́ọ̀kì ni láti pa ìmìjókòó sípíríǹgì kú, kí ọkọ̀ má baà máa jó lẹ́yìn tó bá ti jáde nínú kòtò. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ń lò, bíi Corolla àti Golf, àwọn méjèèjì jókòó pọ̀ níwájú. Ní ti ṣọ́ọ̀kì onínọ́ọ̀tì, ara rẹ̀ ní ojú ìlọ́ bíi ti bóòtù, abọ́ tí sípíríǹgì jókòó lé sì jẹ́ nọ́ọ̀tì ńlá tí a lè yí. Bí a bá yí i sókè, ọkọ̀ á ga. Bí a bá yí i wálẹ̀, ọkọ̀ á lọlẹ̀. Líle sípíríǹgì kò yí padà.

Kí ló fà á? Robert Hooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìdáhùn rẹ̀ jáde ní 1678: bí ẹrù tó wà lórí sípíríǹgì bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe súnkì tàbí kí ó nà tó. Bí ẹrù 100 kg bá tẹ̀ ẹ́ wọlé ní 20 mm, 200 kg yóò tẹ̀ ẹ́ wọlé ní 40 mm. Iye ẹrù tó lè tẹ̀ ẹ́ wọlé ní mìlímítà kan ni a ń pè ní líle rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ yìí, líle rẹ̀ jẹ́ 5 kg fún 1 mm. Yíyí nọ́ọ̀tì kò fi kún ìwúwo ọkọ̀, kò sì sọ irin sípíríǹgì di òmíràn.

Ìdánwò omi inú ọ̀rá

Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Sípíríǹgì gígùn tó máa ń fa ilẹ̀kùn nẹ́ẹ̀tì padà yóò ṣe é. Ẹ fi ẹnu kan kọ́ ìṣó lára ògiri, kí ẹ so àpò ṣíṣófo mọ́ ẹnu kejì, kí ẹ sì máa fi omi inú ọ̀rá sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rá kan tó jẹ́ 50 cl wúwo tó nǹkan bí ìdajì kilogíráàmù. Ọ̀rá àkọ́kọ́ lè má fà á rárá, nítorí pé àwọn ìyípo irú sípíríǹgì bẹ́ẹ̀ máa ń di mọ́ ara wọn. Láti ibi tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ni kí ẹ ti máa fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ẹ ó rí i pé iye kan náà ni ọ̀rá kọ̀ọ̀kan ń fi kún gígùn rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ ìṣó náà, kí ẹ kàn án sí òkè ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Àpò omi yóò gòkè, ṣùgbọ́n bí ẹ bá wọn sípíríǹgì, bó ṣe nà tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì nà. Ìṣó yìí ni nọ́ọ̀tì ara ṣọ́ọ̀kì.

Ní ìkẹyìn, ẹ fi ìyípo tó wà ní àárín sípíríǹgì kọ́ ìṣó, kí ó lè jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ nìkan ló ń gbé omi. Ọ̀rá kan yóò máa fà á ní ìdajì iye ti tẹ́lẹ̀, èyí tó fi hàn pé ó ti le ní ìlọ́po méjì. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn nígbà tí a bá gé sípíríǹgì. Bí ìyípo mẹ́fà bá ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, tí a gé ọ̀kan, líle rẹ̀ yóò fi ìdá kan nínú márùn-ún pọ̀ sí i. Ẹni tó gé e rò pé gíga nìkan ni òun dín kù, kò mọ̀ pé òun ti yí líle padà. Iná gáàsì tún ń ba agbára tí wọ́n fi iná àti òróró fún irin náà jẹ́, ojú pẹrẹsẹ tí sípíríǹgì fi ń jókòó sì ti lọ.

Ojú lásán kò sì lè mọ líle. Bí irin tí a fi ṣe sípíríǹgì kan bá jẹ́ 12 mm, tí ti èkejì jẹ́ 13 mm, tí gbogbo nǹkan yòókù sì dọ́gba, èkejì yóò fi nǹkan bí 38 nínú 100 le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ta ló lè fi ojú rí mìlímítà kan nínú ìdọ̀tí òróró?

Nọ́ńbà mẹ́rin

Kí a tó lọ sí ọjà, nọ́ńbà mẹ́rin ló yẹ kí ó wà lọ́wọ́ wa. Èkíní ni ìbú ihò inú sípíríǹgì. Èyí tó wọ́pọ̀ lára ṣọ́ọ̀kì onínọ́ọ̀tì ni 60 mm, 63.5 mm (tí í ṣe íǹṣì méjì ààbọ̀) àti 65 mm. Èyí tó jẹ́ 65 mm yóò wọ abọ́ 60 mm, ṣùgbọ́n yóò máa yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò sì máa ha ara ṣọ́ọ̀kì. Èkejì ni gígùn rẹ̀ nígbà tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni líle rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni gígùn rẹ̀ nígbà tí gbogbo ìyípo rẹ̀ bá ti fara kan ara wọn, tí kò lè súnkì mọ́.

Nọ́ńbà líle ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Àwọn ará Japan sábà máa ń kọ ọ́ ní kilogíráàmù fún mìlímítà, àwọn ará Yúróòpù ní níútìnì fún mìlímítà, àwọn ará Amẹ́ríkà ní pọ́ọ̀n fún íǹṣì. Sípíríǹgì kan náà ni wọn yóò kọ 5, 49 àti 280 sí lára. Lára sípíríǹgì Eibach, bí àpẹẹrẹ, 200-60-0050 túmọ̀ sí gígùn 200 mm, ìbú inú 60 mm, líle 50 níútìnì fún mìlímítà. Ẹni tó bá ka 50 yẹn sí kilogíráàmù ti ṣìnà ní ìlọ́po mẹ́wàá.

Ìṣirò kan fún àpẹẹrẹ

Ká ní a gbé ọkọ̀ sórí òṣùwọ̀n, táyà iwájú kọ̀ọ̀kan sì gbé 380 kg. Táyà, bíréèkì àti àwọn irin ìsàlẹ̀ kò sí lórí sípíríǹgì, nítorí náà ká yọ 40 kg fún wọn. Ó ku 340 kg. Sípíríǹgì tí líle rẹ̀ jẹ́ 5 kg fún 1 mm yóò súnkì ní 68 mm lábẹ́ ẹrù yìí.

Bí gígùn rẹ̀ bá jẹ́ 180 mm, yóò dúró sí 112 mm. Bí àwọn ìyípo rẹ̀ bá ń pàdé ní 70 mm, 42 mm péré ló kù fún kòtò. Ṣùgbọ́n bí ṣọ́ọ̀kì bá ní 60 mm láti rìn kí ó tó dé òpin, irin yóò gbá irin kí ṣọ́ọ̀kì tó dé ibẹ̀. Sípíríǹgì yìí kò dára fún un. Bí a bá mú èyí tó jẹ́ 200 mm, tí líle rẹ̀ àti ibi tí ìyípo rẹ̀ ti ń pàdé kò yàtọ̀, yóò dúró sí 132 mm, 62 mm yóò sì kù. A ó yí nọ́ọ̀tì wálẹ̀ ní 20 mm, gíga ọkọ̀ kò ní yí padà. Èyí dára.

A tún gbọ́dọ̀ wo ìgbà tí táyà bá rọ̀ sílẹ̀. Bí ṣọ́ọ̀kì bá lè nà ju 68 mm lọ láti ibi tó dúró sí, sípíríǹgì yóò tú nígbà tí a bá fi jáàkì gbé ọkọ̀ tàbí tí táyà bá wọ kòtò. Nígbà náà, a nílò sípíríǹgì kékeré kan tí yóò máa dì í mú sí ìjókòó rẹ̀.

Ní ti ẹrù, ká ní sípíríǹgì ẹ̀yìn wà ní tààrà lókè táyà, tí èrò àti ìwé sì fi 90 kg kún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó jẹ́ 3 kg fún 1 mm yóò rì ní 30 mm; èyí tó jẹ́ 5 kg yóò rì ní 18 mm. Ìdáhùn sí ọkọ̀ tó ń rì nìyí: líle ni kí a wá, kì í ṣe gíga. Ṣùgbọ́n bí sípíríǹgì bá jókòó sí àárín apá irin tó gbé táyà, agbára rẹ̀ ń dín kù kí ó tó dé táyà. Bí sípíríǹgì bá ń rìn ní 7 mm nígbà tí táyà ń rìn ní 10 mm, nǹkan bí ìdajì líle rẹ̀ ló ń dé ọ̀dọ̀ táyà.

Ìkìlọ̀

A kò gbọdọ̀ le ju ohun tí ṣọ́ọ̀kì lè kápá lọ. Bí a bá fi sípíríǹgì tó le púpọ̀ ju ti àkọ́kọ́ sí i, ṣọ́ọ̀kì kò ní lè dá a dúró, táyà yóò máa fò kúrò nílẹ̀. Méjì-méjì ni a ń pààrọ̀ rẹ̀, tọ̀tún-tòsì. Sípíríǹgì tí a tẹ̀ pọ̀ lè pa ènìyàn bó bá ta, nítorí náà irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún títẹ̀ ẹ́ ni kí a lò, kì í ṣe okùn wáyà. Lẹ́yìn iṣẹ́, kí a wọn gíga igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a sì lọ tún ìdúró táyà ṣe.

Bí a kò bá rí nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sàn kí a dá ọkọ̀ padà sí ṣọ́ọ̀kì àti sípíríǹgì irú èyí tí ilé-iṣẹ́ fi ṣe é. Ìyẹn ló rọrùn jù láti rí ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó tàbí ní Apo ní Àbújá. Ẹlẹgbẹ́ wa tó ni Golf wọn tirẹ̀, ó kọ nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé pélébé, ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tajà. Ọkọ̀ náà ṣì ń gbé wa lọ sí Kwali.

Ìgúnlẹ̀ àti àbá

Ní Ilé-Ifẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá darí láti 1970 fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Bí ọmọdé bá lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì náà lè fi kọ́ òfin Hooke. Gíga, líle, gígùn, ìbú, ìyípo: kò sí èyí tí a yá nínú wọn.

A dábàá pé kí ẹ̀ka èdè àti ẹ̀ka ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa jọ kọ ìwé kékeré fún irú ẹ̀kọ́ yìí, kí a sì pe àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì wá síbi ìdánwò omi inú ọ̀rá. Yorùbá nìkan kọ́ ni wọ́n ń sọ ní Abaji. Kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tó gbọ́ Haúsá, Ẹ̀bìrà àti Gbagyi ṣe tiwọn pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa ń gbà lọ sílé.