Wọ́n ṣí kúrò lórí òkè, wọn ò kọ ilé sílẹ̀: Ìrìn-àjò wa sí Òkè Ìdànrè

 

Nípàdé ẹgbẹ́ wa kan, a ní kí àwọn ọmọ dárúkọ òkè kan tó lókìkí nílẹ̀ baba wọn. Ọ̀kan dìde, ó ní: "Zuma." Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ẹ wo owó 100 náírà tó jáde ní 1999: Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló wà níwájú, Òkúta Zuma ló wà lẹ́yìn. Ọmọ yìí mọ ẹ̀yìn owó, kò mọ ilẹ̀ tí ẹni iwájú ti wá. Ẹ̀bi àwa òbí ni.

Ìdí nìyí tí a fi kó àwọn ọmọ lọ sí Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. A gba Lọ́kọ́ja àti Òkene, a kọjá Ọ̀wọ̀, a dé Àkúrẹ́. Láti ibẹ̀, Ìdànrè kò jìnnà mọ́. Àpáta ńláńlá ló yí ìlú náà ká.

Àtẹ̀gùn tí a gùn lé ní 600. Wọ́n ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà, èmi sì jókòó sí gbogbo rẹ̀, n ò fo ọ̀kan! Ọmọ tó pe Zuma ti dé òkè, ó ń juwọ́ sí mi.

Ìlú la bá lókè, kì í ṣe àpáta lásán. Ààfin Ọwá àtijọ́ wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ìwé tí wọ́n kọ́ ní 1896. A rí ojú ẹsẹ̀ Agbóògùn lórí àpáta. Àwọn àgbà ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá mu, ni àwọn ọmọ bá tò láti dán an wò.

Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni wọ́n fi gbé orí òkè yìí, nítorí ọ̀tá kò lè ṣàdédé gùn ún. Ọdún 1923 ni wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò wó ààfin, wọn ò sì gbàgbé ọdún Orósùn. Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀kọ́ tiwa nìyẹn. Ṣíṣí kúrò nílé kò ní kí á kọ ilé sílẹ̀.

Ìlú àtijọ́ kan wà láàárín òkè Alps, ní ilẹ̀ Austria, Hallstatt lorúkọ rẹ̀. UNESCO kọ ọ́ mọ́ ohun ìní aráyé ní 1997, èrò sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti gbogbo ayé. Orúkọ Òkè Ìdànrè ti wà lára àwọn tó ń retí lọ́dọ̀ UNESCO láti 2007. Òjò kì í bá ilé alámọ̀ dúró de ìwé. Bí àwa tí a ni ín kò bá lọ wò ó, ta ni yóò bá wa tọ́jú rẹ̀?

Mo ń bẹ ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan ní Àbújá: ẹ jẹ́ ká dín owó àríyá kù, ká fi háyà bọ́ọ̀sì kan lọ́dọọdún fún àwọn ọmọ wa.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, ọmọ tó pe Zuma bi mí pé: "Bàbá, ìgbà wo la tún ń lọ?" Ẹ bá mi dá a lóhùn o.