Táyà wo ló yẹ píkọ́ọ̀pù tó ń kó ẹrù oko? Ohun tó yẹ kí oníṣòwò wò kó tó sanwó

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, àwọn oníṣòwò tó ń fi píkọ́ọ̀pù kó kòkó lágbègbè Oǹdó àti Ìdànrè, àwọn tó ń lọ ra iṣu ní Òkè-Ògùn, àtàwọn tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gààrí wọ Ìbàdàn àti Èkó, gbogbo wọn ló mọ̀ pé àsìkò wàhálà táyà ti dé nìyẹn. Ọ̀nà oko á di ẹrọ̀fọ̀, ilẹ̀ pupa á máa yọ̀ bí ọṣẹ, kòtò tó wà lójú títì náà á kún fún omi débi pé awakọ̀ kò ní mọ bó ṣe jìn tó. Ọkọ̀ tó bá rì sínú ẹrẹ̀ fún ọjọ́ kan péré ti tó láti sọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń pọ́n lọ di ohun tí wọ́n á máa bẹ èèyàn kó wá rà.

Síbẹ̀, tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò bá dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta táyà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó máa ń jáde lẹ́nu wọn ni pé, “Èló ni?” Ìbéèrè yẹn kò burú, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Méjì ló yẹ kó ṣáájú rẹ̀: ẹrù tó wúwo tó báwo ni ọkọ̀ yìí ń gbé, irú ọ̀nà wo ló sì ń tọ̀ jù? Ẹni tó bá mọ ìdáhùn méjèèjì kó tó kúrò nílé, ó ṣòro kí wọ́n tó ta ohun tí kò wúlò fún un.

ORÍṢI MẸ́TA LÓ WÀ

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè pín táyà píkọ́ọ̀pù sí. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ṣe fún títì ọlọ́dà, tí àwọn tó ń tà á ń pè ní H/T. Ojú rẹ̀ tẹ́jú, ìlà ara rẹ̀ kò fẹ̀, kì í pariwo, kì í sì í jẹ́ kí ọkọ̀ mu epo jù. Àmọ́ tó bá wọ inú amọ̀, kíá ni amọ̀ máa dí àwọn ìlà yẹn pa, táyà á wá máa yí lójú kan láìsún.

Èkejì ni M/T, táyà ẹrọ̀fọ̀ gan-an. Rọ́bà ojú rẹ̀ rí gbàgùdù-gbàgùdù, àlàfo ńlá ló sì wà láàárín wọn, kí amọ̀ lè máa jábọ́ bí táyà bá ṣe ń yí. Èyí dára fún ọkọ̀ tó ń wọ igbó lọ kó pákó. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà, ariwo rẹ̀ pọ̀, ó tètè ń jẹ, kì í sì í di ilẹ̀ mú dáadáa tí títì bá tutù tí awakọ̀ sì tẹ bíréèkì lójijì.

Ẹ̀kẹta ni all-terrain, tí wọ́n ń kọ A/T sí lára. Àárín méjèèjì ló wà. Láti ọdún 1976 ni ilé iṣẹ́ BFGoodrich ti Amẹ́ríkà ti gbé irú rẹ̀ jáde fún píkọ́ọ̀pù, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì ti ń ṣe tiwọn láti ìgbà náà. Ó ń rìn dáadáa lórí ilẹ̀ pupa, lórí òkúta wẹ́wẹ́ àti nínú ẹrẹ̀ tí kò jìn, kò sì ni èèyàn lára lórí ọ̀dà bíi ti M/T. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn gbogbo àrùn o. Ó máa ń mu epo ju H/T lọ díẹ̀, tí ẹrẹ̀ bá sì ti dé inú ikùn ọkọ̀, òun náà á rì.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ èyí tó yẹ ni kí oníṣòwò ní kí awakọ̀ rẹ̀ máa kọ ìrìn ọkọ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì: kìlómítà mélòó lórí ọ̀dà, mélòó lórí ilẹ̀. Ẹni tó ń gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò káàkiri Ìbàdàn, tí ọkọ̀ rẹ̀ kì í kúrò lórí ọ̀dà, ń fi owó epo ṣòfò ni tó bá ra A/T nítorí pé ó wuyì lójú. Àmọ́ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń wọ oko lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó sì tún ń gba títì lọ sọ́jà, òun gan-an ni wọ́n ṣe A/T fún.

Kí ẹ sì ṣọ́ra fún àmì M+S tó máa ń wà lára táyà. Ẹrẹ̀ àti yìnyín ló túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe táyà náà ló ń kọ ọ́ síbẹ̀ fúnra wọn nítorí bí ìlà rẹ̀ ṣe rí. Táyà tó ní àmì yìí kò tíì di A/T nítorí ìyẹn nìkan.

NỌ́ŃBÀ ARA TÁYÀ KÌ Í ṢE Ọ̀ṢỌ́

Gbogbo ohun tí oníṣòwò nílò ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ẹ jẹ́ ká fi 265/65R17 112S ṣe àpẹẹrẹ, èyí tó wọ́pọ̀ lára Hilux. 265 ni bí táyà ṣe fẹ̀ tó ní mìlímítà. 65 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún bó ṣe fẹ̀ tó. 17 ni ìwọ̀n ríìmù tó máa wọ̀, ní íǹṣì. Lẹ́tà S ń sọ pé kò gbọdọ̀ sá ju kìlómítà 180 lọ ní wákàtí kan.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà ni 112 yẹn, bẹ́ẹ̀ òun ló kan oníṣòwò jù. Kì í ṣe kílò 112 ló túmọ̀ sí o. Nọ́ńbà agbára ni: 112 ń gbé kílò 1,120, 106 ń gbé 950, 100 ń gbé 800, 95 sì ń gbé 690.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì jẹ́ kílò 50, nítorí náà, 20 àpò ni tọ́ọ̀nù kan. Àpò kòkó tó jẹ́ kílò 62.5, 16 rẹ̀ ni tọ́ọ̀nù kan. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan náà sì ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù láti gbé, ti àwọn tó jókòó sínú rẹ̀ mọ́ ọn. Ká ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ kan ti ń gbé kílò 800 kí wọ́n tó kó ohunkóhun sí i. Tí wọ́n bá di tọ́ọ̀nù kan lé e, tí ẹrù náà sì jókòó sórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, táyà méjèèjì tó wà níbẹ̀ ń gbé kílò 1,800 nìyẹn. Táyà 112 méjì lè gbé 2,240, ọkàn á balẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ táyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ní nọ́ńbà 95 ni wọ́n fi há a, 1,380 ni méjèèjì lè gbé. Ẹrù ti fi kílò 420 ju agbára wọn lọ kí ọkọ̀ tó rí kòtò kankan. Táyà bẹ́ẹ̀ lè rìn fún oṣù méjì láìwí nǹkan kan, ọjọ́ tí oòrùn bá mú tí eré sì pọ̀ ló máa bẹ́.

Ẹni tó bá sì di àpò kòkó 25 sínú ọkọ̀ kan náà, ẹrù yẹn nìkan ti lé ní kílò 1,560. Táyà 112 gan-an kò ní lè gbé e, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ kò sì ní lè gbé e. Kò sí táyà tó lè fọwọ́ sí àṣejù.

Fún ẹrù tó wúwo, táyà tó ní LT níwájú nọ́ńbà rẹ̀, tàbí C lẹ́yìn ìwọ̀n ríìmù rẹ̀, ló dára jù, torí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ le ju ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lọ. Wọ́n tún máa ń kọ 6PR, 8PR tàbí 10PR sí i. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ga tó ni agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

ÌGBÀ WO NI WỌ́N ṢE É?

Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa ní Port Harcourt lọ́dún 2007, Dunlop náà sì dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà lọ́dún 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ táyà ti ń wá, ó sì lè pẹ́ nínú kọ̀ńtẹ́nà àti ní ilé ìkẹ́rù kó tó dé ìsọ̀. Táyà tí wọn kò tíì lò rí lè ti gbó.

Ẹ wá lẹ́tà DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Tó bá jẹ́ 2322, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2022 ni wọ́n ṣe é. Ọdún mẹ́rin ni àjọ tó ń rí sí ojúlówó ọjà, SON, àti àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, máa ń sọ pé kí táyà má kọjá. Tí wọ́n bá ti fi ọ̀bẹ há nọ́ńbà náà kúrò, kí oníbàárà kọjá sí ìsọ̀ mìíràn.

Ohun mìíràn tí SON ti ń bá àwọn oníṣòwò fà ni ti kíki táyà bọ inú táyà kí kọ̀ńtẹ́nà lè gbà púpọ̀. Wáyà tó wà nínú irú táyà bẹ́ẹ̀ ti tẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè tún un ṣe. Ẹ na ọwọ́ sí inú rẹ̀. Tí ẹ bá rí ibi tó ká kò tàbí tó wú, ẹ má rà á.

Ní ti tòkunbọ̀, òfin kọ́sítọ́ọ̀mù ti fi èèwọ̀ lé kíkó àlòkù táyà wọlé, àyàfi táyà ọkọ̀ akẹ́rù ńlá tí ìwọ̀n rẹ̀ tó 11.00 x 20 sókè. Àlòkù táyà píkọ́ọ̀pù tó wà lọ́jà kò bófin mu, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tójú rẹ̀ ti rí níbi tó ti ń bọ̀.

ÈYÍ TÓ PỌ́Ọ̀KÚ LÈ WỌ́N JÙ

Ẹ jẹ́ ká fi owó àpẹẹrẹ ṣe ìṣirò, kì í ṣe iye ọjà o. Ká ní tòkunbọ̀ kan jẹ́ ₦60,000, tó sì lo oṣù 8. ₦7,500 ló ń ná oníṣòwò lóṣù. Ká ní tuntun jẹ́ ₦180,000, tó sì lo oṣù 36. ₦5,000 ni lóṣù. Lórí táyà mẹ́rin, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦10,000 lóṣooṣù, a kò sì tíì ka owó fọganáísà, ọjọ́ tí ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́, àti ọjà tó bàjẹ́. Àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tíì tó mẹ́rin lè kọ́kọ́ ra méjì, kó sì fi wọ́n sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wọ́, ìwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dọ́gba, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gíáà ló máa forí fá a.

Kò sì dára láti ra táyà tó tóbi ju èyí tí wọ́n ṣe ọkọ̀ mọ́ lọ nítorí àtiga. Epo á lọ sókè, táyà á máa ha ara ọkọ̀, abẹ́rẹ́ tó ń ka eré pàápàá á máa purọ́.

AFẸ́FẸ́ NI ẸRÙ Ń JÓKÒÓ LÉ

Táyà tó dára jù lágbàáyé, tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá kéré, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa ká, á máa gbóná, á sì bẹ́. Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára pépà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, ó sì sábà máa ń ya ti ìgbà tí ẹrù wà sọ́tọ̀. Iye tó wà lára táyà fúnra rẹ̀ ni òpin tí kò gbọdọ̀ kọjá, kì í ṣe iye tó yẹ kí ẹ fún un. Àárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ wọ̀n ọ́, kí ẹ sì fi gééjì wọ̀n ọ́. Fífi ẹsẹ̀ ta táyà kò sọ nǹkan kan. Àwọn awakọ̀ kan máa ń jọ̀ ọ́ díẹ̀ kí ọkọ̀ lè jáde nínú ẹrẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n fún un padà kó tó di pé wọ́n bọ́ sórí ọ̀dà.

Tí ìṣó bá gún ojú táyà, fọganáísà lè lẹ̀ ẹ́. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ló lu, táyà yẹn ti parí iṣẹ́. Bákan náà, ẹ wo àwọn kókó kéékèèké tó wà nínú ìlà ojú táyà. Tí ojú táyà bá ti bá wọn dọ́gba, ó ku mìlímítà 1.6 péré, kò sì yẹ kó wọ oko mọ́. Ẹni tó ń wọ ẹrẹ̀ gan-an kò gbọdọ̀ dúró dìgbà yẹn, torí pé nígbà tí ìlà bá ti ń lọ sílẹ̀, agbára A/T nínú amọ̀ ti lọ tipẹ́.

Oníṣòwò tó bá fẹ́ ra táyà lọ́sẹ̀ yìí, kó kọ nǹkan mẹ́rin sínú ìwé kó tó jáde nílé: ìwọ̀n táyà tí wọ́n kọ sẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, kílò ẹrù tó pọ̀ jù tó ń gbé, ìdá ìrìn rẹ̀ tó wà lórí ilẹ̀, àti ọdún tí kò fẹ́ kí táyà náà ti dàgbà jù. Tó bá ti rí táyà tó bá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mu, ìgbà náà ni kó wá béèrè pé èló ni, kó sì nájà dáadáa.