LÀPÁLÀPÁ ORÍ ỌMỌ: ÌDÍ TÍ ÌPARA NÌKAN KÒ FI TÓ

Ẹ̀yin ìyá, làpálàpá kì í ṣe aràn, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ búburú. Ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín kan ni ó ń fà á, ìbátan èyí tí ń mú kí búrẹ́dì bu. Awọ òkè, irun àti èékánná ni oúnjẹ rẹ̀.

Bí ó bá mú awọ ara, ìpara láti ilé ìwòsàn sábà máa ń kápá rẹ̀. Ti orí yàtọ̀. Inú irun gan-an ni ó ń wọ̀, títí irun yóò fi máa kán mọ́ ìdí. Ìpara kì í sì í dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí orí ọmọ fi ń dà bí èyí tí ó ti san, tí yóò sì tún padà. Oògùn gbígbé mì ni ó ń tọ̀ ọ́ dé inú irun. Griseofulvin, fún àpẹẹrẹ, sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Dókítà ni yóò díwọ̀n rẹ̀. Ẹ má ṣe dá a dúró kí ọjọ́ tó pé.

Ẹ má fi ìpara tí a fi ń bóra kùn ún rárá: ó lè dín yíyún kù, ṣùgbọ́n làpálàpá lè máa gbilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ya òòyà àti fìlà ọmọ náà sọ́tọ̀, kí ẹ sì yẹ orí àwọn tí wọ́n jọ ń sùn wò.