BÍ A ṢE Ń TÚ BÓÒTÙ TÍ Ó GAN, KÍ A TÓ DE KÁRÌÀ MỌ́ ALÙPÙPÙ

Ní òde òní, alùpùpù ti di ẹsẹ̀ kejì fún àgbẹ̀. Òun ni ó ń gbé wa dé oko ọ̀nà jíjìn, òun kan náà ni ó sì ń gbé iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo wa dé ọjà. Ní Abuja tí í ṣe olú-ìlú orílẹ̀-èdè wa, ìjọba ti fi òfin de alùpùpù akérò ní àárín ìgboro láti ọdún 2006. Ṣùgbọ́n ní àwọn ìgbèríko ibẹ̀, bíi ti Gwagwalada, Kwali, Kuje àti Abaji, alùpùpù ni ó ṣì ń so oko pọ̀ mọ́ ọjà. Bí ó ti rí lọ́hùn-ún náà ni ó rí ní Ṣakí, ní Ìṣẹ́yìn, ní Ìkàrẹ́ àti ní Ọ̀fà.

Ènìyàn ni àwọn tí ó ṣe alùpùpù ní lọ́kàn jù, kì í ṣe àpò ẹ̀gẹ́. Ìdí nìyí tí àgbẹ̀ fi ń de kárìà onírin mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó ń fi irin ìdáàbòbò sí iwájú ẹ́ńjìnnì, tí ó sì ń pààrọ̀ dígí tí ó bá fọ́. Kò sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí tí a lè ṣe láì kọ́kọ́ tú bóòtù tí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Bóòtù tí ó ti rí òjò mẹ́ta àti ẹ̀rùn mẹ́ta kì í fẹ́ kúrò ní àyè rẹ̀ mọ́. Bí a bá fi ìkánjú fà á, yóò kán sínú férémù. Bóòtù kékeré tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan yóò wá dá alùpùpù dúró lọ́dọ̀ wẹ́dà, nígbà tí iṣu wà nílẹ̀, tí ọjọ́ ọjà sì ń kọjá lọ.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í nini lára. Òtítọ́ ni òwe yìí lórí ọ̀rọ̀ bóòtù. Ìdógùn-ún a máa mú bóòtù gan, ṣùgbọ́n ìkánjú ni ó sábà máa ń kán an.

OHUN TÍ Ó Ń MÚ BÓÒTÙ GAN

Irin, omi àti afẹ́fẹ́ ni ó ń para pọ̀ di ìdógùn-ún. Ẹ kíyè sí i pé ìdógùn-ún a máa gba àyè ju irin tí ó jẹ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni àyè tí ó wà láàárín bóòtù àti nọ́ọ̀tù kò tó nǹkan rárá. Nígbà tí ìdógùn-ún bá kún inú tírẹ́ẹ̀dì, èyíinì ni ìlà tí ó yí ara bóòtù ká bí ìgbà tí okùn wé mọ́ igi, yóò há àwọn méjèèjì mọ́ ara wọn pinpin.

Iṣẹ́ oko a máa mú kí èyí tètè ṣẹlẹ̀. Ajílẹ̀ òyìnbó bíi NPK a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí ó bá dà sí ara irin, ibẹ̀ kì í gbẹ bọ̀rọ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ a sì máa jẹ irin náà. Omi ẹ̀gẹ́ tí ó ti kan àti ìgbẹ́ adìẹ náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Eruku pupa ìgbà ẹ̀rùn a sì máa dì mọ́ òróró tí ó ń jò, títí yóò fi bo orí bóòtù mọ́lẹ̀, tí omi yóò sì dúró sí abẹ́ rẹ̀.

Oríṣi gígan kejì wà ní ara ẹ́ńjìnnì. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú ara ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n irin ni bóòtù tí ó wọ inú rẹ̀. Bí omi bá dé ibi tí àwọn méjèèjì ti fara kan ara, alumíníọ̀mù ni yóò máa jẹrà, yóò sì di ẹbu funfun tí ń há bóòtù mọ́ inú ihò rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ kò bá rí ìdógùn-ún pupa, ẹ má ṣe rò pé bóòtù náà kò gan.

SÍPÁNÀ TÍ Ó YẸ

Sípánà tí kò bá orí bóòtù mu ni ọ̀tá kìíní. Yóò yọ̀, yóò sì jẹ igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà orí bóòtù títí yóò fi rí roboto. Bóòtù tí ara rẹ̀ fẹ̀ tó milimítà 6 a máa gba sípánà 10. Èyí tí ó jẹ́ milimítà 8 a máa gba 12 lára ọ̀pọ̀ alùpùpù tí a ṣe ní ìlànà Japan, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú irú rẹ̀ tí a ń rà lọ́jà fúnra wa a máa gba 13. Èyí tí ó jẹ́ milimítà 10 lè gba 14 tàbí 17. Nítorí náà, ẹ wọn orí bóòtù kọ̀ọ̀kan wò. Ẹ má ṣe fi 13 tú bóòtù tí ó ń fẹ́ 12.

Sípánà olórùka, tí ó gbá orí bóòtù mú yíká, ni kí ẹ lò. Èyí tí ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ kò dára fún bóòtù tí ó gan, nítorí ẹ̀gbẹ́ méjì péré ni ó ń dì mú.

ÌLÀNÀ IṢẸ́ NÁÀ

1. Ẹ gbé alùpùpù dúró lórí ilẹ̀ líle, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù. Lára ọ̀pọ̀ alùpùpù, bóòtù òkè ṣọ́ọ̀kù ẹ̀yìn ni a ń de kárìà mọ́. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi ìtì igi gbé abẹ́ alùpùpù, kí ẹ sì ṣe ẹ̀gbẹ́ kan tán kí ẹ tó fọwọ́ kan èkejì. Bí ẹ bá tú ṣọ́ọ̀kù méjèèjì pọ̀, ẹ̀yìn alùpùpù lè wó lulẹ̀.

2. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà ha orí bóòtù àti tírẹ́ẹ̀dì tí ó yọ jáde lẹ́yìn nọ́ọ̀tù. Orí tírẹ́ẹ̀dì yìí ni nọ́ọ̀tù yóò gbà jáde. Bí ìdọ̀tí bá wà níbẹ̀, yóò tún há.

3. Ẹ da epo sí i. Epo tí a ṣe fún títú irin tí ó gan, èyí tí a ń tà nínú agolo, ni ó dára jù. Bí kò bá sí, ẹ lo díísù tàbí kẹrosíìnì, nítorí wọ́n ṣàn, wọ́n sì lè wọ ojú ihò tóóró. Epo pupa àti gíríìsì ki jù fún iṣẹ́ yìí. Ẹ má ṣe lo pẹtiróòlù, nítorí iná. Ẹ da epo ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ jẹ́ kí ó sùn mọ́jú. Bí ó bá gan púpọ̀, ẹ fún un ní ọjọ́ méjì. Ẹ ṣọ́ra kí epo má bàa kan bíréèkì tàbí táyà.

4. Ẹ fi òòlù kékeré lu orí bóòtù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ní ìgbà bíi ogún. Ìgbọ̀nrìrì yìí a máa fọ́ ìdógùn-ún, a sì máa la ọ̀nà fún epo. Ẹ má ṣe lu ẹnu tírẹ́ẹ̀dì, kí ó má bàa tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí ó bá jẹ́ ara ẹ́ńjìnnì ni, ẹ rọra, nítorí alumíníọ̀mù lè là.

5. Ẹ ti sípánà wọlé dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì kọ́kọ́ yí i díẹ̀ sí ìhà tí a fi ń fún un. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá yí i sí ìhà tí a fi ń tú u, èyíinì ni òdìkejì ìrìn ọwọ́ aago. Bí ó bá mì, ẹ má ṣe yọ̀ jù. Ẹ yí i síwá díẹ̀, ẹ dá a padà díẹ̀, ẹ tún da epo, títí yóò fi jáde. Ẹ rántí pé dígí apá ọ̀tún lára ọ̀pọ̀ alùpùpù Yamaha ń yí sí òdì: ìhà tí a fi ń fún àwọn yòókù ni a fi ń tú u.

6. Bí ẹ bá fi páìpù fa ọwọ́ sípánà gùn ní ìlọ́po méjì, agbára tí ó dé ara bóòtù yóò di ìlọ́po méjì. Bóòtù milimítà 6 kò lè gba irú agbára bẹ́ẹ̀; ẹ má ṣe fi páìpù tú u láé. Bí ẹ bá sì rí i pé sípánà ń yí, ṣùgbọ́n tí ó rọ̀ lọ́wọ́ bí ẹni ń yí rọ́bà, tí nọ́ọ̀tù kò sì jáde, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Bóòtù náà ti ń lọ́, ó sì ti fẹ́ kán. Ẹ padà sí orí epo.

NÍPA IṢẸ́ INÁ

Bí a bá fi iná sí nọ́ọ̀tù, yóò fẹ̀ díẹ̀, yóò sì tú ìdógùn-ún sílẹ̀. Bí a bá fi ìda àbẹ́là kan án nígbà tí ó gbóná, ìda náà yóò yọ́ wọ inú tírẹ́ẹ̀dì. Ọ̀nà tí ó dára ni, ṣùgbọ́n ó léwu púpọ̀. A gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ táǹkì epo, ìjókòó àti bátìrì kúrò, kí a sì nu díísù tí a ti dà síbẹ̀ gbẹ. A kò gbọdọ̀ fi iná kan ìdí ṣọ́ọ̀kù, nítorí òróró inú rẹ̀ lè bú gbàmù. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fi kan ìdí okùn bíréèkì tàbí ẹ̀gbẹ́ táyà. Nítorí náà, wẹ́dà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú ni kí ẹ fi í sílẹ̀ fún.

BÍ ORÍ BÓÒTÙ BÁ TI JẸ, TÀBÍ TÍ Ó TI KÁN

Bí igun orí bóòtù bá ti jẹ, ẹ fi fáìlì há ẹ̀gbẹ́ méjì tí ó kọjú sí ara wọn kí sípánà kékeré lè dì í mú. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi ayùn irin gé nọ́ọ̀tù náà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Nọ́ọ̀tù kò ṣòro í rà. Férémù ni kí ẹ ṣọ́, kí ayùn má bàa kàn án.

Bí bóòtù bá kán, tí ó sì ṣẹ́ kù síta díẹ̀, wẹ́dà lè jó nọ́ọ̀tù mìíràn mọ́ orí rẹ̀, kí a sì fi sípánà yí i jáde. Gbígbóná iná náà pàápàá a máa ràn án lọ́wọ́. Bí ó bá kán sínú ihò pátápátá, ẹ má ṣe fi ìṣó gún un. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń lu ihò sára irin.

NÍGBÀ TÍ A BÁ Ń DE KÁRÌÀ

Ẹ má ṣe dá bóòtù tí ó ti dógùn-ún padà. Ẹ ra tuntun tí a kọ 8.8 sí lórí. Ó lágbára ju èyí tí a kọ 4.6 sí lọ. Ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀, kí ẹ fi wáṣà tí ó là lẹ́nu sí abẹ́ nọ́ọ̀tù kí ó má bàa tú lójú ọ̀nà, kí ẹ sì fi ọwọ́ dá bóòtù wọlé ní ìwọ̀n yíyí mẹ́ta kí sípánà tó kàn án. Bí ó bá kọ̀ fún ọwọ́, ó wọlé ní wíwọ́ nìyẹn. Nítorí gíríìsì tí ó wà níbẹ̀, ẹ má ṣe fi gbogbo agbára fún un. Ẹ má ṣe fi wáyà dípò bóòtù. Kárìà tí ó bá já lórí ìrìn pẹ̀lú àpò ẹ̀gẹ́ lè gba ẹ̀mí awakọ̀ àti ti ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Lẹ́yìn ọjọ́ ọjà kìíní, ẹ tún fi sípánà yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Ẹ rántí pẹ̀lú pé kárìà kò fi kún agbára alùpùpù; ìwọ̀n ẹrù tí àwọn tí ó ṣe é là sílẹ̀ kò yí padà.

Ọjọ́ tí ẹ bá gbé ajílẹ̀, ẹ̀gẹ́ tàbí ìgbẹ́ adìẹ, ẹ fi omi ṣan kárìà kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí òjò bá sì kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ tú àwọn bóòtù kárìà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ nù wọ́n, kí ẹ pa wọ́n ní gíríìsì, kí ẹ sì dá wọn padà. Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ kan péré ni. Àgbẹ̀ tí ó bá ń ṣe é lọ́dọọdún kò ní í dá ọjọ́ ọjà rẹ̀ dúró nítorí bóòtù tí ó gan.