Bí A Ṣe Lè Fi Díìṣì Kékeré Gbọ́ Bándì Àgbà

Ẹni tó bá ti gbé ilẹ̀ Yorùbá ní oṣù kẹfà rí, tí ó sì ní díìṣì kékeré lórí òrùlé rẹ̀, á ti mọ ohun tí ojú ń rí nígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú dẹ̀dẹ̀, tí ààrá ń sán, tí òjò ńlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà wáá sórí ilé: kí àgbàrá tó ṣàn dé ẹnu ọ̀nà, àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n á ti máa já wẹ́wẹ́, ohùn á máa gé, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á ṣókùnkùn, dìkódà á sì kọ ọ́ sójú rẹ̀ pé òun kò rí ohunkóhun gbà mọ́. Ìwọ̀nba ènìyàn ló mọ̀ pé ní wákàtí yìí gan-an, ẹni tó ń lo bándì mìíràn ní àdúgbò kan náà lè máa wo tirẹ̀ lọ láìsí ìdíwọ́. Bándì C ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni ẹ̀gbọ́n fún bándì Ku tí ọ̀pọ̀ díìṣì kékeré ilé wa ń lò. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ ni bí a ṣe lè mú díìṣì tí wọ́n ṣe fún àbúrò kí a fi gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n, àti ibi tí agbára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ.

Ìgbì rédíò ni àwọn méjèèjì. Ti Ku tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì wà láàrin 10.7 àti 12.75 GHz, ti C sì wà láàrin 3.4 àti 4.2 GHz. Bí ó bá ṣeé ṣe láti fi rúlà wọn ìgbì kọ̀ọ̀kan láti orí dé orí, ti Ku kò ní ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ, ti C á sì tó sẹ̀ǹtímítà 7.5. Ìyàtọ̀ yìí ló bí gbogbo ìyókù. Ẹ̀kán òjò ńlá, tí títóbi rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí gígùn ìgbì Ku, a máa jẹ nínú agbára ìgbì náà, a sì máa tú u ká kí ó tó balẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbì C gùn débi pé òjò kan náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i ṣe ní nǹkan kan. Ìdí nìyí tí bándì C fi níyì ní àwọn ilẹ̀ olójò bíi tiwa.

Òun ló sì kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1971 ni ibùdó sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Láńlátẹ̀, nínú Ìbàràpá méje, láti máa gbé ọ̀rọ̀ tẹlifóònù àti àwòrán lọ sókè òkun. Àwo irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ní ayé ìgbà náà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń sọ pé mo rí nǹkan fìrí. Àjànàkú ni, nítorí pé àwọn sátẹ́láìtì Intelsat ìgbà náà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ gbọ́ ohùn wọn yékéyéké ní láti tẹ́ àwo tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà 30. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, ní 1976, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, Taylor Howard, fi àlòkù díìṣì ńlá gba tẹlifíṣọ̀n láti ara sátẹ́láìtì sínú ilé ara rẹ̀, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Nígbà tí àṣà náà dé ọ̀dọ̀ tiwa, díìṣì olójú kòǹgbà tí ó gba ìdajì àgbàlá ni àwọn ọlọ́lá fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ ilé. Láti ìgbà náà ni agbára sátẹ́láìtì ti ń pọ̀ sí i, tí àwòrán sì ti di oní-nọ́ńbà tí kò béèrè agbára púpọ̀ mọ́. NigComSat-1R ti orílẹ̀-èdè wa, tí wọ́n ta sókè láti ilẹ̀ Ṣáínà ní ọjọ́ 19 oṣù kejìlá ọdún 2011, gbé C àti Ku pọ̀ lára kan náà. Ìyípadà yìí ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ díìṣì kékeré di ohun tí a lè máa sọ.

Díìṣì fúnra rẹ̀ kò mọ bándì. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju pé kí ó gba ohun tó bá bọ́ sójú rẹ̀, kí ó sì kó o jọ sí ojú kan ṣoṣo níwájú. LNB, ẹ̀rọ kékeré tó wà lójú kan náà lórí apá díìṣì, ló mọ ẹni tí ó ń retí. Nítorí pé wáyà lásán kò lè gbé ìgbì tó ga tó bẹ́ẹ̀ wọ inú ilé, LNB ní ìgbì tirẹ̀ tí ó ń dá nínú ara rẹ̀, èyí tí ó ń fi fa ti sátẹ́láìtì wálẹ̀ sí àárín 950 àti 2150 MHz tí dìkódà lè gbà. Ti LNB Ku tó wọ́pọ̀ jẹ́ 9750 tàbí 10600 MHz, ti C sì jẹ́ 5150. Bí ìkànnì kan bá wà ní 4000, LNB C á yọ ọ́ kúrò nínú 5150, á sì fi 1150 ránṣẹ́ sí dìkódà. Ẹni tó bá pààrọ̀ LNB lórí òrùlé, tí kò sì wọ inú dìkódà lọ pààrọ̀ nọ́ńbà ìgbì inú LNB sí 5150, lè wà lórí àkàbà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú láìrí nǹkan kan. Mo ti rí oníṣẹ́ tó dáńtọ́ tí èyí dà láàmú. Fólítì 13 àti 18 tí dìkódà ń fi ránṣẹ́ nínú wáyà láti yan ọ̀nà tí ìgbì gbà dúró kò yí padà, iná ṣì ń bẹ nínú wáyà náà, nítorí náà ẹ pa dìkódà kí ẹ tó tú wáyà tàbí kí ẹ tó so ó.

Iṣẹ́ ọwọ́ gan-an wà ní ẹnu LNB. LNB C ní ọrùn tó nípọn ju ti Ku lọ, kò sì lè wọ inú ìdè ike tó wà lórí apá díìṣì kékeré. Wẹ́dà ni yóò báni jó irin pẹlẹbẹ kan pọ̀, tí a ó lu ihò gbọọrọ sí lára kí LNB lè máa sún síwájú àti sẹ́yìn. Bí ẹ bá wo ọrùn náà dáadáa, ẹ ó rí àwọn nọ́ńbà tí wọ́n fín sí i, irú bíi 34, 36, 38 àti 40, níbi tí òrùka irin onípele tó yí i ká ti máa ń dúró. Ohun tí wọ́n ń sọ ni bí ẹnu LNB ṣe jìnnà sí àwo tó, tí a bá fi fífẹ̀ àwo pín in: díìṣì ńlá olójú róbótó máa ń wà ní nǹkan bíi 0.36 sí 0.40, ṣùgbọ́n díìṣì kékeré wa, tí apá rẹ̀ yọ láti ìsàlẹ̀, sábà máa ń wà ní 0.6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá gbé LNB C lásán síwájú irú díìṣì bẹ́ẹ̀, yóò máa wo kọjá etí àwo lọ sára ògiri àti ilẹ̀, ooru ara ilẹ̀ á sì máa pariwo sí i létí. Àtúnṣe rẹ̀ ni irin ẹlẹ́nu gbàgàdà bí àrọ, tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí, tí a fi ń dín ohun tí LNB ń wò kù títí tí kò fi ní rí ju ojú díìṣì lọ. Ọ̀pọ̀ sátẹ́láìtì bándì C ní ilẹ̀ Áfíríkà ni ìgbì wọn sì ń yí po bí ó ti ń bọ̀, sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Fún irú wọn, a ó ki pátákó Teflon tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ọ̀fun LNB, kí ó dagun láàrin àwọn irin kékeré méjì tó wà nínú rẹ̀ ní ìwọ̀n dìgírì 45. Láìsí i, a ó pàdánù ìdajì ohun tó ń bọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni títọ́ díìṣì. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹ tú bóòtù díẹ̀, ẹ yí àwo bí ìbú èékánná, ẹ dúró kí dìkódà ronú, kí ẹ tó tún yí i. Lẹ́yìn náà ẹ wá sún LNB síwájú àti sẹ́yìn, nítorí pé ibẹ̀ ni èrè tó pọ̀ jù máa ń wà.

Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àwọn tó ni sátẹ́láìtì máa ń ya àwòrán ilẹ̀ tó ń fi agbára ìgbì wọn hàn ní dBW. Nípa ìṣirò tèmi, bí ilẹ̀ wa bá wà níbi tí nọ́ńbà náà ti tó 40 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, díìṣì oní-sẹ̀ǹtímítà 90 lè gbìyànjú. Bí ó bá jẹ́ 36, ìrètí kò pọ̀. Ìgbì C máa ń fọ́n ká sórí odidi àgbáálá ilẹ̀, wọ́n sì ti fi òfin dín agbára rẹ̀ kù kí ó má baà dí àwọn òpó tẹlifóònù orí ilẹ̀ lọ́wọ́, nítorí náà ohun tó ń bọ́ sójú àwo kékeré kò tó nǹkan. Ojú díìṣì oní-mítà 1.8 tóbi ní ìlọ́po mẹ́rin ju ti sẹ̀ǹtímítà 90 lọ, kò sì sí àrékérekè ẹnu LNB tó lè rọ́pò ìyẹn. Yàtọ̀ sí èyí, díìṣì oní-90 tó ń wo nǹkan bíi dìgírì méjì péré lójú ọ̀run ní Ku á máa wo tó mẹ́fà ní C, ohùn sátẹ́láìtì aládùúgbò á sì dà mọ́ ti ẹni tí à ń wá. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: díìṣì ńlá oníhò wẹ́wẹ́ tó ń gba C láìsí wàhálà kì í sábà ṣe dáadáa fún Ku, nítorí pé ìgbì kékeré a máa gba ojú ihò rẹ̀ kọjá. Ní ti díìṣì oní-sẹ̀ǹtímítà 60, èmi kò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi ṣòfò owó LNB.

Ìṣòro tuntun kan tún ti dé. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ ta bándì 3.5 GHz fún iṣẹ́ fóònù 5G. LNB àtijọ́ tó ń gbọ́ láti 3.4 lọ sókè lè di adití pátápátá bí òpó 5G bá wà nítòsí rẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń gbé ìlú ńlá ní láti béèrè fún LNB tí kò gbọ́ ju 3.7 sí 4.2 lọ, tàbí kí ó ra àsẹ́ tí a ń so mọ́ ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí àwọn tí díìṣì ńlá àtijọ́ ṣì ń jẹ òjò lẹ́yìn ilé wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà á fún àwọn oní-kọ́ńdẹ́ẹ̀mù tó ń kiri àdúgbò. Ẹ fọ ìpẹtà ara rẹ̀, ẹ kùn ún lọ́dà, kí ẹ sì fi í lọ ọ̀dọ́ tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí, nítorí pé ohun tí ó ń fi àwo kékeré wá pẹ̀lú ìnira, àwo yín lè fún un lọ́sàn-án kan.